Àmín Lórí Ilé Onílé

Fìríìjì ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láràárọ̀ nínú ilé tí káńsù fi wá sí. Á kùn, á gbọ̀n, á dákẹ́, lẹ́yìn náà kò tún sí ohun tó ń dún mọ́ àfi sílípáàsì Ìyá Àgbà tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo máa ń dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí n máa fetí sílẹ̀ bóyá ẹnì kan á kan ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni kì í kàn án. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, mo sì ti gbọ́n tó láti mọ̀ pé ilé tí àlejò kì í yà, nǹkan kan ń ṣe é. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ́dún yẹn, n kò ní sọ pé bàtà, n kò ní sọ pé kẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ kí èèyàn wá kí wa, ìyẹn nìkan náà ni.

Kì í ṣe pé a kò mọ ariwo tẹ́lẹ̀. Kí a tó dé ibẹ̀, ilé alájà mẹ́ta kan là ń gbé nínú ìlú kan náà, ìlú kékeré kan ní gúúsù Chicago tí kò jìnnà sí Calumet City. Àwa Yorùbá pọ̀ nínú ilé yẹn débi pé bí wọ́n bá na ọmọ kan lókè, ẹni mẹ́ta ló máa béèrè láti ìsàlẹ̀ pé kí ló ṣe. Òórùn ata díndín ló ń jí wa lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ní ọ̀rẹ́ kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ dojú kọ tiwa, Ìyá Mùsílíù. Ọmọ Ìwó ni Ìyá Àgbà, ọmọ Ìṣẹ́yìn ni Ìyá Mùsílíù. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, wọ́n á gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa ṣa ẹ̀wà, wọ́n á máa jiyàn lórí ìlú tí iyán rẹ̀ dùn jù, bí ẹni pé ẹnì kan ní Chicago ń dúró de ìdájọ́ wọn. Bí ọ̀kan bá sùn lọ lórí àga, èkejì á máa bá iyàn náà lọ fúnra rẹ̀. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Ìyá Àgbà wá kí wa fún oṣù mẹ́ta péré ni, ikú ọmọ rẹ̀ sì ká a mọ́ ọ̀dọ̀ wa, kò padà mọ́. Ó ní òun kò lè fi ọmọ òun sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òun tún fi ọmọ ọmọ òun sílẹ̀ lórí ẹ̀. Ìyá Mùsílíù ló jókòó tì í títí ojú rẹ̀ fi gbẹ.

Nígbà òtútù ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀rọ tó ń mú ilé náà móoru dẹnu kọlẹ̀. Ẹni tó ni ilé ń sọ pé òun ń bọ̀, òun ń bọ̀, yìnyín sì ń dì lójú fèrèsé wa láti inú. Nígbà tó yá, àwọn tó ń yẹ ilé wò wá, wọ́n lẹ ìwé pupa mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kí gbogbo wa jáde. Báyìí ni ilé tú. Ẹni tó ní ará ní Des Plaines gba ibẹ̀ lọ, ẹni tó ní ará ní Joliet gba ibẹ̀ lọ. Ìyá Mùsílíù sọ pé Joliet lòun ń lọ, sọ́dọ̀ ọmọ òun tó ń wa tírélà. Òun àti Ìyá Àgbà kò dágbére tó ṣe gúnmọ́, torí ọkọ̀ ti ń dúró. Òun fúnra rẹ̀ kò ní fóònù, nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ tó fún wa kò sì wọlé rárá nígbà tí a pè é. Àwa ní tiwa kò ní ará níbì kankan.

Káńsù ìlú náà ti ń ra ilé lákòókò yẹn. Ilé tí olówó rẹ̀ ti kú tí kò ní àrólé, ilé tí báǹkì ti gbà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, wọ́n á rà á, wọ́n á kùn ún, wọ́n á fi àwọn tí kò rí ibi gbé síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, títí wọ́n á fi rí tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n fún wa: ilé bíríkì kékeré kan, yàrá méjì, àgbàlá lẹ́yìn, ògiri funfun tí kò ní àbàwọ́n kankan. Obìnrin tó ń bójú tó o fún káńsù ni Miss Darlene, obìnrin dúdú ará ibẹ̀ kan tó sanra, tó máa ń rẹ́rìn-ín, tó sì ń pe Ìyá Àgbà ní Grandma. Ó kó wa jókòó, ó sọ òfin ilé fún wa: a kò gbọ́dọ̀ gba ẹnikẹ́ni sùn, a kò gbọ́dọ̀ pe èrò jọ láìsọ fún un, a kò gbọ́dọ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri. Màámi ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Èmi ni mo ń túmọ̀ fún Ìyá Àgbà. Nígbà tí mo dé orí ìṣó, ó bi mí pé ibo ni wọ́n fẹ́ kí òun gbé fọ́tò ọmọ òun kọ́ sí. N kò túmọ̀ ìyẹn fún Miss Darlene. Orí fìríìjì la gbé fọ́tò náà sí.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Màámi ti ń ṣiṣẹ́, ṣíìfù lórí ṣíìfù. Obìnrin tí kì í bá èèyàn jà ni, kì í sì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Lọ́sẹ̀ tí a kó débẹ̀ ló ti sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mọ ibi tí a wà. Bí wọ́n bá bi wá ní mọ́ṣáláṣí, ká ní a wà nítòsí. Ó ní àwọn èèyàn á máa sọ pé láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú ni ìjọba ti ń bọ́ òun. Ìyá Àgbà wò ó, ó ní, "Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣò ni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí òun náà mọ̀ pé a kò ní ṣòkòtò mìíràn. Ó gbà pé òun kò ní pe ẹnikẹ́ni, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ẹni mẹ́ta. Ìkòkò ńlá tó fi ń se ọbẹ̀ nílé àkọ́kọ́ náà ló ṣì ń gbé kaná, ká jẹ ẹ̀fọ́ lónìí, ká jẹ ẹ́ lọ́la, ká tún bá a nínú fìríìjì lọ́túnla, débi pé mo máa ń yíjú kúrò bí mo bá rí ìdérí ìkòkò yẹn. Gbogbo ife tó wà nílé ni mo sì gbọ́dọ̀ fọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, títí kan àwọn tí ẹnikẹ́ni kò fẹnu kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí mo bá ní wọn kò dọ̀tí, á fi oríkì mi pè mí, á ní, "Àṣàkẹ́, eruku ló ń fi wọ́n mumi." Màá sì fọ̀ wọ́n, màá dojú wọn dé sórí aṣọ ìnuwọ́ kí wọ́n gbẹ.

Mo ti ní ilé tèmi báyìí, ní Joliet. Bí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá fẹ́ wá, wọ́n á ti fi tẹ́ksì ránṣẹ́ ṣáájú, wọ́n á béèrè bóyá ó rọrùn, wọ́n á tún béèrè nígbà tí wọ́n bá wà lójú ọ̀nà. Ọmọ mi rò pé ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Mo máa ń wò ó, kí n sì sọ lọ́kàn ara mi pé ọmọ yìí kò tíì gbé ilé tó dákẹ́ rí. Ìdákẹ́jẹ́ ilé wa lọ́dún yẹn kì í ṣe ti àlàáfíà. Ó máa ń wọ̀ mí lára bí òtútù. Mo máa ń bá tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀, mo sì máa ń dárúkọ àwọn ọmọ ilé wa àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó sùn, kí n má baà gbàgbé wọn. Ojú fèrèsé ni Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ ti ń lo ọ̀sán. Bí ọkọ̀ kan bá rọra ń lọ níwájú ilé wa báyìí, á ti dìde. Bí ọkọ̀ náà bá kọjá, á tún ìborùn rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé torí ìyẹn ló ṣe dìde, á sì tún jókòó.

Nígbà tí ooru dé, ó fi fèrèsé sílẹ̀, ó bọ́ sí àgbàlá. Miss Darlene ní kò sí òfin tó ní ká má gbin nǹkan, ó tiẹ̀ bá a mú ṣọ́bìrì wá. Ìyá Àgbà gbin tẹ̀tẹ̀, ó gbin ata, ó gbin ilá, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ó ti ń bomi rin wọ́n. Ilẹ̀ tó kọ náà gùn dé ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí àwọn tó ń kọjá lójú títì ti lè rí i. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó di ìró mọ́dìí gírígírí, nígbà tí Àlàájà Kúdí ń kọjá lọ. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú aláìsàn láti ilé dé ilé ni Àlàájà Kúdí, òun náà sì ni olórí àwọn obìnrin àsàlátù ní mọ́ṣáláṣí wa, ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó ní ẹ̀yìn ẹnì kan lòun rí nínú ọgbà, òun sì mọ̀ pé ará ibí kì í bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Ó pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó kúnlẹ̀ sórí koríko tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Inú Ìyá Àgbà dùn débi pé ó gbàgbé ọ̀rọ̀ tí Màámi sọ pátápátá. Àlàájà wo ilé, ó wo ọgbà, ó wo èmi tí mo gbé ike omi dání. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Àdúrà ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹ kú oríire ilé o, Màmá, ilé yìí á tura fún yín, ẹ ó pẹ́ nínú ẹ̀, Ràṣídátù yìí á ti inú ẹ̀ lọ sílé ọkọ, a ò ní fi ṣọ̀fọ̀. Ìyá Àgbà ń ṣe àmín. Èmi náà ń ṣe àmín, mo sì ń pariwo rẹ̀, torí mo fẹ́ kó tún padà wá.

Nígbà tí Màámi ti ibi iṣẹ́ dé tó gbọ́, ó jókòó sórí àga ní kíṣìnnì, báàgì rẹ̀ ṣì wà léjìká.

"Màmá, kí lẹ wá sọ fún wọn?"

"N kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ṣàdúrà, mo ní àmín."

"Wọ́n rò pé a ti buy ilé ni. Ẹ ò wá correct wọn?"

"Kí n ní kí wọ́n dá àdúrà wọn dúró? Ìyá Ràṣí, ẹnu wo ni kí n fi kọ àdúrà?"

Màámi bọ́ báàgì léjìká, ó gbé e sórí tábìlì. Bí mo bá sọ ìtàn yìí fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣebí gbólóhùn kan péré ni, kí ó ní ilé náà kì í ṣe tiwa. Wọ́n kò mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ẹnu ti dáhùn kí ọkàn tó rò ó. Ẹni tó bá kọ àdúrà dà bí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ire síta, pàápàá ẹni tí kò ní ire tó pọ̀ nílẹ̀. Màámi kàn ní òun á sọ òtítọ́ fún Àlàájà Kúdí fúnra òun lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn àsàlátù.

Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè náà. A kò tíì bọ́ bàtà tán tí àwọn obìnrin fi yí i ká. Ẹni yìí dì mọ́ ọn, ẹni yẹn ní opó tó bá dá ilé ní, Ọlọ́run ló bá a ṣe é, ẹlòmíràn ní bí tiẹ̀ ṣe rí bẹ́ẹ̀ ni tàwọn náà á rí. Wọn kò fi àyè kankan sílẹ̀ láàárín àdúrà kan àti èkejì. Mo rí ẹnu Màámi tó là láti sọ̀rọ̀, mo sì gbọ́ ohun tó jáde níbẹ̀. Àmín ni. Ó tún ṣe òmíràn. Kí a tó jáde, Àlàájà Kúdí ti kéde pé Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni gbogbo àwọn máa wá fi àdúrà ṣí ilé Ìyá Ràṣí. Màámi tún ṣe àmín sí ìyẹn, ohun tí kì í tiẹ̀ ṣe àdúrà. Nínú ọkọ̀ tí a ń lọ sílé, kò tan rédíò. Ìyá Àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Màámi ní òun kò kúkú parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ túmọ̀ ìyẹn fún ẹni tó bá wá gbọ́ òkodoro ọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, mo rí i tó gbé fóònù, tó wò ó, tó tún gbé e sílẹ̀. Ó lọ bá Miss Darlene, ó bi í bóyá àwọn kan lè wá gbàdúrà fún wa nínú ilé. Miss Darlene ní kò burú bí ó bá jẹ́ ojúmọmọ, kí wọ́n má ṣáà pa ọkọ̀ sórí koríko. Mo rò pé Màámi ìbá fẹ́ kó kọ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò fara pamọ́ fún mi. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á káàánú rẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì ti ń káàánú kò tún bá wọn dọ́gba mọ́. Níbi iṣẹ́, orúkọ tí wọ́n kọ sí báàjì rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Mọ́ṣáláṣí yẹn nìkan ló kù tí wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Ràṣí, kò sì fẹ́ kí ìyẹn náà bọ́ lọ́wọ́ òun. Mo mọ gbogbo èyí, inú mi sì ṣì ń dùn. Mo fọ gbogbo ife láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi.

Wọ́n wá lóòótọ́. Ìró ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n ń tì gbàgà gbàgà lójú títì ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà sàlámà tó ń wọlé léraléra. Bàtà kún ẹnu ọ̀nà débi pé ilẹ̀kùn kò ṣe é tì mọ́, mo sì jókòó sídìí wọn, mo ń tò wọ́n ní méjì méjì, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Wọ́n gbé kúlà ìrẹsì wá, wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín wá, wọ́n gbé ẹran díndín wá, síbẹ̀ wọ́n tún jẹ ọbẹ̀ Ìyá Àgbà tán, mo sì rí ìsàlẹ̀ ìkòkò ńlá yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti kó débẹ̀. Wọ́n ka Kùránì, wọ́n kọrin, wọ́n ṣàdúrà. Ìyá Àgbà jókòó láàárín wọn, ojú rẹ̀ ń tàn. Ó ń bi olúkúlùkù léèrè ìlú rẹ̀, bóyá ẹnì kan á wà níbẹ̀ láti Ìṣẹ́yìn. Màámi nìkan ni kò jókòó. Ó ń gbé àwo lọ, ó ń gbé àwo bọ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ni Alájì, ọkọ Àlàájà Kúdí, jáde lọ sídìí ọkọ̀, tó sì gbé férémù gàgàrà kan wọlé, tí wọ́n fi àwọ̀ góòlù kọ Áyátù Kúrísíyù inú Kùránì sínú rẹ̀. Àwọn obìnrin ń ké Àláhù Àkíbárù. Àlàájà nawọ́ sí ògiri funfun tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà, ó ní ibẹ̀ ló yẹ ẹ́, kí ẹni tó bá ń wọlé kọ́kọ́ rí i. Alájì yọ òòlù nínú àpò agbádá rẹ̀. Ó ti fi ìṣó há ẹnu, ó ń fi àtàńpàkò wọn ògiri.

"Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn án."

Wọ́n rò pé ibòmíràn ni Màámi fẹ́. Ẹnì kan ní kí wọ́n kàn án sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹlòmíràn ní yàrá. Màámi gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó di etí ìborùn rẹ̀ mú.

"Kò sí ògiri tí a lè kàn án mọ́. Ilé yìí kì í ṣe tiwa. Káńsù ló ni ín. A kàn ń gbé e for now ni, till a máa rí apartment. Ó yẹ kí n ti sọ. Ẹ ń ṣàdúrà, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa dá yín dúró."

Alájì yọ ìṣó lẹ́nu, ó tì í bọ àpò, ó ń wo ilẹ̀ bí ọmọdé tí wọ́n bá wí. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí tu Màámi nínú. Ẹnì kan ní Ọlọ́run ló ni gbogbo ilé. Ẹnì kan ní kò sí ẹni tí kò lè ṣẹlẹ̀ sí. Wọn kò bínú, wọn kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, èmi kò sì ní parọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn pè é ní "arábìnrin wa", ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ń rọra sọ ọ́ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Màámi gbọ́ ọ náà. Ó sunkún níwájú gbogbo wọn, ohun tí n kò tíì rí i ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá mi.

Àlàájà Kúdí kò bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Ìyá Àgbà ló dojú kọ.

"Màmá, Ìyá Mùsílíù náà wà nínú irú ilé yìí."

Ìyá Àgbà ní Joliet ni Ìyá Mùsílíù wà.

"Kò débẹ̀ rí, Màmá. Ọmọ ẹ̀ ò ní space. Ilé káńsù ni wọ́n fún òun náà, ní street tó wà lẹ́yìn school yẹn, ilé onílẹ̀kùn yẹ́lò. Mo bá òun àti Miss Darlene ti káńsù lẹ́nu ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí mo lọ tọ́jú patient mi kan ní street yẹn, ìyẹn ni mo fi mọ̀. Ìyá Mùsílíù bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ó mọ̀ pé mo wà níbí?"

"Ó ti ń rí yín nínú ọgbà. Ó ní òun ń múra láti wá. Èmi ni mo wá lọ sọ fún un pé ẹ ti ra ilé. Ó ṣàdúrà fún yín gan-an. Lẹ́yìn náà ló ní òun ò lè wá mọ́ báyẹn, àfi bí òun bá rí nǹkan gidi gbé wá, àti pé tí òun bá wá, ẹ máa ní kí òun mú yín mọ ilé tòun náà."

N kò gbàgbé bí ojú Ìyá Àgbà ṣe rí. Kò ké, kò sì dá Àlàájà lẹ́bi. Títí di òní, bí mo bá rántí, ó máa ń dùn mí dé inú egungun pé àmín tí a fi ń pe àlejò wọlé ni kò jẹ́ kí ẹni tí a ń retí gan-an wọlé. Obìnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn, òpópónà kan ló wà láàárín wọn, ọ̀kan wà lójú fèrèsé tó ń wo ọ̀nà, èkejì ń gba ẹ̀yìn ilé-ìwé kọjá kí wọ́n má baà rí i. Ìtìjú kan náà ló sì mú àwọn méjèèjì.

Ìyá Àgbà dìde. Ó kó mọ́ínmọ́ín àti ìrẹsì sínú kúlà kékeré kan, ó wọ bàtà, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Kò dúró de kí àlejò lọ, òun tí kì í fi àlejò sílẹ̀. A gba iwájú ilé-ìwé kọjá nínú oòrùn, ó ń yára ju bí mo ṣe rò pé ó lè rìn lọ. Ó ní òun á kọ́kọ́ bú Ìyá Mùsílíù dáadáa. Ó ní òun á sọ fún un pé irú iyán oníkókó tí wọ́n ń gún ní Ìṣẹ́yìn ló mú kó lè hu irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín sí èébú náà fúnra rẹ̀ bí a ti ń lọ. Ó ní kí n rán òun létí pé kí òun béèrè bí orúnkún tó ń dun Ìyá Mùsílíù ṣe rí.

Ilé onílẹ̀kùn yẹ́lò náà kò fi nǹkan kan yàtọ̀ sí tiwa, bíríkì kan náà, àtẹ̀gùn kan náà. Mo tẹ aago. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, wọn kò sì ṣí i tán. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló yọjú, ọmọ jòjòló wà ní ìbàdí rẹ̀, irun rẹ̀ kò rí kóòmù. Ó jọ pé Sípáníìṣì ni èdè rẹ̀, torí ńṣe ló ń wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jọ. Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí àwọn páálí tí wọn kò tíì tú, mo sì rí ògiri funfun tí kò sí ohunkóhun lára rẹ̀. Mo béèrè ìyá àgbàlagbà kan, ará Áfíríkà. Ó ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n fún òun nílé náà. Ó ní aládùúgbò sọ pé ìyá kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ rẹ̀ fi ọkọ̀ wá kó o, òun kò mọ ibi tí wọ́n lọ. Texas ni, bí a ṣe wá gbọ́ lẹ́yìn náà. Ibẹ̀ náà ló kú sí, òun àti Ìyá Àgbà kò sì tún fojú kan ara wọn mọ́.

Mo túmọ̀ ohun tó sọ fún Ìyá Àgbà. Ó dúró síbẹ̀, kúlà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìyára tó fi wá ti kúrò lára rẹ̀, mo sì rí i pé àgbàlagbà gidi ni. Mo di aṣọ rẹ̀ mú láti fà á padà sílé. Ọ̀dọ́bìnrin náà ń wo ojú títì lẹ́yìn wa bí ẹni pé ó ń retí kí ẹlòmíràn tún yọ, ẹni tó máa lé e jáde. Ó gbé ọmọ náà sí ìbàdí kejì. Ó wá rọra béèrè lọ́wọ́ mi pé ta gan-an la wá kí.

Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Ìyá Àgbà gbé ojú sókè, ó wo ọmọ, ó wo ìyá ọmọ, ó wo àwọn páálí. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé kó tó dá mi lóhùn.

"Sọ fún un pé òun la wá kí."